Àlọ́ Orin Sátidé Ìmọ́tótó

Láyé ìjọba ológun, bó bá ti di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde títí aago mẹ́wàá àárọ̀ fi máa lù. Ọjọ́ ìmọ́tótó ni. Kálukú á gbá ojúlé rẹ̀, á kó gọ́tà rẹ̀, á wá dúró de wolé-wolé tàbí sójà tó máa wá sọ fún un pé kò mọ́ tó. Gbogbo àdúgbò wa l'Agége ló kórìíra ọjọ́ náà. Èmi nìkan ni mo máa ń fojú sọ́nà fún un, torí bí aago mẹ́wàá bá ti lù báyìí, èmi àti Bọ̀dá mi á gbéra, ó di ilé Bàbá Kẹ́míìsì, níbi tí a ti ń pa àlọ́ orin.

Àwa mẹ́rin ni. Bọ̀dá mi ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àwọn ni wọ́n tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wa kú. Ahunṣọ ni wọ́n ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan l'Óregun. Bó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn ni wọ́n ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa. Bàbá Kẹ́míìsì, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń ta oògùn nítòsí ojú irin, ohùn báàsì wọn sì wúwo débi pé bí wọ́n bá kí èèyàn káàárọ̀, ife á mì lórí tábìlì. Ẹnìkẹta ni Àlàájì, télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àlàájì ò dé Mẹ́kà rí o. A kàn ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ kí ọ̀nà lè là fún wọn ni. Èmi ni ìkẹrin, Sísí Áátò, ohùn kejì àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí mo ń di bísíkíìtì sí páálí ní ilé-iṣẹ́ kan n'Ìkẹjà, tí ẹnu mi kì í sinmi.

Ohun tó pa wá pọ̀ ni orin àwọn òyìnbó àtijọ́, irú èyí tí èrò rẹpẹtẹ á jókòó tira, tí wọ́n á máa fi fayolíìnì àti fèrè àti dùùrù bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní dìde jó. Àwọn aládùúgbò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Orin òkú ni wọ́n ń pè é. Nígbà mìíràn, bí Bọ̀dá mi bá yí rẹ́díò sókè, ìyá onílé wa á sáré jáde, àyà wọn á máa já: "Ṣé kò sí o? Ṣé sójà mìíràn tún ti gbàjọba ni?" Wọn ò kúkú jayò pa, torí irú orin bẹ́ẹ̀ ni rẹ́díò máa ń lù fún wa kí wọ́n tó ka ìkéde burúkú. Màá ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, orin ìfẹ́ ni." Wọ́n á ní, irú ìfẹ́ wo ló ń sunkún báyìí?

Àlọ́ wa ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó kàn á pariwo pé, "Ààlọ́ o!" A ó dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Yóò wá kọ ìbẹ̀rẹ̀ orin kan fún wa ní sòfà, dò-rẹ-mí lásán, láìsí ọ̀rọ̀, láìsí dùùrù, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àwa tó kù á sọ orin tó jẹ́, apá ibi tó ti wá nínú orin náà, àti ohun èlò tó ń ṣe é. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ló ni ife omi tútù àkọ́kọ́ nínú fìríìjì Bàbá Kẹ́míìsì, bí iná bá wà. Ẹni tó bá kùnà á fẹsẹ̀ kan dúró, á fi ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ kọrin. Ẹ ò bá wá wò mí lọ́jọ́ tí mo fẹsẹ̀ kan kọ báàsì! Bàbá Kẹ́míìsì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Bọ̀dá mi ló sábà máa ń mu omi náà. Ohùn mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n á yí àga wọn sí ẹni tó ń pàlọ́, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo fọ́tò, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Apá kejì ni. Fèrè ló kọ́kọ́ gbé e kí fayolíìnì tó gbà á." Bàbá Kẹ́míìsì á lu tábìlì: "Àǹjọ̀nú ń bẹ létí ọkùnrin yìí!" Bí mo bá fọwọ́ bo ẹnu níbi tí mo ti ń kọ ọ́, Bọ̀dá mi á ní, "Gbọ́wọ́ kúrò lẹ́nu, jàre. Orin kì í gba àtẹ́lẹwọ́ jáde." A ó tún bú sẹ́rìn-ín. Háà, ayé! Ká ní a mọ ohun tí à ń rín lẹ́rìn-ín.

Etí Bọ̀dá mi ti ń kú. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ báyìí, nítorí ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà wọ́n síṣẹ́ l'Óregun, ilé-iṣẹ́ ń fún àwọn ahunṣọ ní rọ́bà kékeré kan tí wọ́n fi ń dí etí. Ìlú òyìnbó ni rọ́bà náà ti ń wá. Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba ológun, dé, tí ohun gbogbo tó ń gba orí òkun wọlé di ọ̀wọ́n gógó, rọ́bà etí ni àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ pa tì. Wọn ò pa lọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ ìhunṣọ wọn, tì o, wọn ò pa mọ́tò ara wọn tì, rọ́bà tí kò tó ọmọ ìka ni. Àwọn òṣìṣẹ́ wá ń ya òwú nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń fi í dí etí. Ẹ tilẹ̀ jọ̀ọ́, kí ni òwú fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dúró láàárín àwọn lọ́ọ̀mù tó ń lu ara wọn gbà-gbà-gbà lábẹ́ òrùlé páànù?

Nínú ariwo yẹn, o lè fẹnu kan etí ẹnìkejì rẹ kó má gbọ́ ọ. Nítorí náà àwọn ahunṣọ pa ohùn tì pátápátá. Ẹni tó wà nídìí lọ́ọ̀mù tiẹ̀ níhìn-ín á la ẹnu láìpariwo, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á wo ètè rẹ̀, á sì dá a lóhùn. Mo gbé oúnjẹ lọ fún Bọ̀dá mi lọ́jọ́ kan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí wọn tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, tí wọ́n ń dikùn mú rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ tí etí kankan ò gbọ́. Ó jọ mí lójú púpọ̀ nígbà náà.

Nílé, Bọ̀dá mi ń yí rẹ́díò sókè, wọ́n ń pariwo sọ̀rọ̀, mo bá wọn jà nítorí rẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ta ni ò mọ̀ pé gbogbo ará ilé-iṣẹ́ aṣọ ló ń pariwo? Àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí àwọn náà ń ṣiṣẹ́ l'Óregun, bí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí nínú yàrá, gbogbo àgbàlá ló ń gbọ́.

Àlàájì ló mú ọ̀rọ̀ náà jáde, láìmọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ráhùn pé sòfà àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń rẹ́ àwọn jẹ. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni Àlàájì ti mọ orin wọ̀nyí, rẹ́díò wọn á máa kọrin, ẹsẹ̀ wọn á máa tẹ ẹ̀rọ. Ilé kéwú ni wọ́n lọ, ta ni ìbá kọ́ wọn ní dò-rẹ-mí níbẹ̀? Ní Sátidé kan, wọ́n gbé tẹ́ẹ̀pù wọn wá pẹ̀lú bátìrì tuntun àti kàsẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fúnra wọn gbà sílẹ̀ látinú rẹ́díò. Wọ́n ní, "Lónìí, kò sí sòfà. Orin gan-an la ó gbọ́. Ká wá wo ẹni tó letí."

Bàbá Kẹ́míìsì ní ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Bọ̀dá mi fa àga wọn súnmọ́ tábìlì, wọ́n káwọ́ lẹ́rán. Àlàájì gbé tẹ́ẹ̀pù náà sórí fèrèsé lẹ́yìn Bọ̀dá mi, níbi tí ẹnìkan ò ti ní lè yọjú wo ohun tí wọ́n kọ sára kàsẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pariwo pé, "Ààlọ́ o!" A dáhùn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Fayolíìnì ló bẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí òjò tó ń ronú bóyá kóun rọ̀. Kíá ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bàbá Kẹ́míìsì mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú wọn. Orin tí Bọ̀dá mi fẹ́ràn jù láyé ni. Nídìí rẹ́díò wa àtijọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi yé mi, tí wọ́n ní kí n dijú kí n máa ka iye ohùn tó ń wọlé. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lanu nínú wa. A fi í sílẹ̀ fún onínǹkan. À ń wo Bọ̀dá mi, à ń rẹ́rìn-ín músẹ́, à ń retí.

Bọ̀dá mi náà ń wò wá. Wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n wo ẹnu Bàbá Kẹ́míìsì, wọ́n yíjú wo Àlàájì. Orin náà ti dé ibi tí dùùrù ti ń wọlé. Wọ́n wá ní, "Àlàájì, kí là ń dúró dè? Ẹ tẹ̀ ẹ́, jàre. Àbí bátìrì yín ti kú ni?"

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àlàájì yí tẹ́ẹ̀pù náà sókè, ó kù díẹ̀, wọ́n tún yí i títí ó fi dópin, gíláàsì fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bọ̀dá mi ṣì ń wò wá. Bóyá ojú wa ló sọ ọ́ fún wọn, mi ò mọ̀. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n fọwọ́ kan igi fèrèsé níbi tó ti ń gbọ̀n, wọ́n sì fi ọwọ́ náà síbẹ̀. Ẹ̀rín ojú wọn lọ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀."

Àlàájì sáré pa tẹ́ẹ̀pù, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ forí jì mí, ẹ forí jì mí," bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni ilé-iṣẹ́ aṣọ yẹn. Bọ̀dá mi dìde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, wọ́n dé fìlà wọn. A jáde.

Ẹ̀bá ojú irin la gbà lọ sílé. Mò ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn, mò ń sunkún, mò ń béèrè, wọn ò dáhùn, títí mo fi sáré bọ́ síwájú tí mo dojú kọ wọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n dáhùn. Gbogbo rẹ̀ wá yé mi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àga tí wọ́n ń yí sí ẹni tó ń pàlọ́, ọwọ́ tí wọ́n ní kí n gbé kúrò lẹ́nu. Ẹnu wa ni wọ́n ń kà. Dò ní bí ó ṣe ń ká ètè jọ, fà ní bí eyín ṣe ń kan ètè ìsàlẹ̀, wọ́n á wá fi to orin náà pọ̀ lọ́kàn ara wọn. Kì í ṣe pé wọ́n ń gbọ́ àlọ́ wa. Wọ́n ń rántí rẹ̀ ni.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, láti ìgbà wo?"

Wọ́n ní ohùn tó ga ló kọ́kọ́ lọ. Fèrè lọ, fayolíìnì tẹ̀lé e, ohùn àwọn ọmọdé lọ. Lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin pàápàá di ariwo lásán, bí ìgbà téèyàn bá rì sínú omi tí wọ́n ń pè é létídò. Wọ́n wò mí. "Tìrẹ ló pẹ́ jù. Mo ń gbọ́ tìrẹ nínú áátò títí di ọjọ́ ìkórè tó kọjá. Mo rò pé ó máa kù fún mi." Wọ́n bá mi nu ojú mi, àwọn tí ó yẹ kí n bá nu ojú.

Mo wọ́ wọn lọ sí ọsibítù ìjọba. Dókítà ní iṣan inú etí ló kú, pé kò sí oògùn rẹ̀, pé ẹ̀rọ etí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun kò tilẹ̀ lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́, bí ẹni ń pariwo mọ́ ògiri ni. Bàbá Kẹ́míìsì àti Àlàájì wá kí wa. Bàbá Kẹ́míìsì, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti òyìnbó àtijọ́ kan, olórin ńlá, tí etí rẹ̀ di pátápátá tó sì tún ń kọ orin sílẹ̀ lórí ìwé lọ. Bọ̀dá mi ka gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wọn títí wọ́n fi sọ ọ́ tán. Wọ́n wá fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ ṣeun, sà. Òyìnbó yẹn, òun ló ń kọ ọ́. Èmi, gbígbọ́ nìkan ni mò ń gbọ́ ọ." Bàbá Kẹ́míìsì bú sẹ́kún nínú pálọ̀ wa, àgbàlagbà bíi tiwọn.

Ohun kan ṣoṣo ni Bọ̀dá mi tọrọ lọ́wọ́ wa: kí a má sọ fún ìjọ. Iṣẹ́ lè lọ, wọ́n ní, lọ́ọ̀mù kì í ṣe bàbá àwọn. Ṣùgbọ́n ìjókòó dùùrù yẹn nìkan ló kù tí àwọn fi ń mọ̀ pé olórin ni àwọn. Àwọn á fúnra wọn fi í sílẹ̀ lẹ́yìn Kérésì, kí wọ́n má kàn lé àwọn kúrò níbẹ̀ ni, kí wọ́n má máa káàánú àwọn. A gbà. Ta ni ò ní gbà?

Ó ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ìka wọn mọ gbogbo orin náà. Dígí kékeré kan wà lókè dùùrù tí wọ́n fi ń wo ẹgbẹ́ akọrin lẹ́yìn wọn, ẹnu wa ni wọ́n ń tẹ̀lé nínú rẹ̀. Mo gba ìjókòó ìpẹ̀kun lọ́wọ́ arábìnrin kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà, kí dígí lè mú mi dáadáa. Mo ń la ẹnu gbàgà bí ẹni ń gbé òkèlè ẹ̀bà ńlá mì. Bí wọ́n bá ń sáré jù, màá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀, wọ́n á rọra. Sọ́ńdè kan lọ, òmíràn lọ. Àlùfáà yìn wọ́n ní gbangba pé orin ń dùn sí i. Èmi a máa gbàdúrà pẹ̀lú ojú tó là sílẹ̀.

Sọ́ńdè tó ṣáájú Kérésì ni. Epo bẹntiróòlù ti wọ́n nílùú, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kàn jókòó síta bí òrìṣà tí wọn ò bọ mọ́. A wà lórí orin tó kẹ́yìn ìsìn, a ń wọ ẹsẹ kejì, iná lọ. Dùùrù wa, oníná ni. Ó dákẹ́ wọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n àwa ará Èkó, ta ló ń dúró nítorí pé iná lọ? Ìjọ ń kọ orin wọn lọ, wọ́n tiẹ̀ gbé ohùn sókè sí i. Ọ̀sán gangan ni, òòrùn wọlé láti gbogbo fèrèsé. Nínú dígí, ẹnu gbogbo wa ń mì. Bọ̀dá mi ń tẹ dùùrù lọ.

Mo gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n rí mi. Wọ́n mi orí, wọ́n rọra. Mo fì í sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n tún rọra sí i. Mo kú tán.

Orin parí. Àlùfáà súre. Ó kù kí Bọ̀dá mi tẹ orin tí ìjọ fi ń tú ká, wọ́n sì ti di ojú wọn. Orin tí wọ́n fẹ́ràn jù yẹn ni, wọ́n ti tò ó fún dùùrù fúnra wọn. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n gbé báàgì, wọ́n dúró. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà padà wọlé. Kò sí ohun tó ń dún nínú ilé ńlá yẹn ju igi abẹ́ ìka wọn tó ń ró kó-kó-kó, àti ẹsẹ̀ wọn tó ń tẹ irin ìsàlẹ̀. Wọ́n ń fì síwá, wọ́n ń fì sẹ́yìn. Ojú wọn tutù, ó dán, bíi ti ẹni tó dé ilé. Ọmọ kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ fọwọ́ dí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó lè lọ fọwọ́ kàn wọ́n. Èmi náà ò lè lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán.

Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n la ojú, wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. "O ń gbé ọwọ́ sókè ṣáá. Ṣé mo sáré jù ni?"

Mo ní, "Rárá o, Bọ̀dá mi. Ó dùn. Ó dùn gan-an ni."

Wọ́n na ọwọ́ láti pa dùùrù. Iná pupa kékeré tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì rẹ̀ kò tàn. Wọ́n wò ó. Wọ́n yíjú wo gbogbo ìjọ tó dúró tí ò lọ sílé. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n wá béèrè pé, "Láti ẹsẹ wo ni iná ti lọ?"

Mi ò lè purọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kejì.